Bí mo ṣe mọ ohun tó ń da omi rédíétọ̀ Corolla mi nù

Corolla tí mo ń wà l'Abẹ́òkúta, ọdún 1996 ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yọjú sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí kò ní rí nǹkan wí. Nígbà tí kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù, bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rísáfà, ìyẹn ike tó ń gba omi tó bá ṣẹ́ kù láti rédíétọ̀, mẹkáníìkì kan l'Ádátán wò ó lókèèrè, ó ní: "Àǹtí, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ o. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ orí ẹ́ńjìnì kalẹ̀." Gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n tẹ́ sáàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, kí omi, ọ́ìlì àti iná inú rẹ̀ má baà dàpọ̀. Kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wá owó. Owó kọ́ ni mo lọ wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí mo bá gbéra láàárọ̀ láti Ọbáńtókò, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lafẹ́ńwá lọ́sàn-án, géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó á kọjá àárín díẹ̀, kò sì ní dé ibi pupa. Tí mo bá wá páàkì, tí mo pa ẹ́ńjìnì, màá máa gbọ́ tó ń hó ṣùùù, omi pupa á sì máa kán sílẹ̀ lábẹ́ bọ́ńpà.

Omi tó bá gbóná máa ń wú, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Ọmọrí rédíétọ̀ ló ń dá a dúró. Sípíríǹgì tó wà nínú rẹ̀ ló tẹ omi mọ́lẹ̀, agbára sípíríǹgì náà sì wà lára ọmọrí: 0.9 ni wọ́n kọ sára tèmi. Tí omi bá wú kọjá ohun tí sípíríǹgì lè mú, yóò gba hóòsì tínínrín kan bọ́ sínú rísáfà. Tí ẹ́ńjìnì bá tutù, omi á súnkì, ẹnu kékeré kan láàárín ọmọrí á ṣí, rédíétọ̀ á sì fa omi rẹ̀ padà. Omi tó jáde gbọ́dọ̀ padà wọlé. Ọmọrí yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí omi tètè hó: omi lásán tó ń hó ní 100°C nínú ìkòkò, pẹ̀lú 0.9 yẹn lórí rẹ̀, àfi tó bá sún mọ́ 119°C. Tí ọmọrí bá ti rọ, omi á máa hó nígbà tí kò tíì yẹ.

Mo jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kí n tó ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí rédíétọ̀ tó ṣì gbóná. Àpá rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi títí dòní. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì ni hóòsì òkè. Ó ti fún pọ̀, ó lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ti fa omi inú rẹ̀ tán. Rísáfà kún dẹ́nu, ó ti kọjá ibi tí wọ́n kọ FULL sí dáadáa. Mo wá ṣí rédíétọ̀, mo ti ìka bọ̀ ọ́, ìka mi kò kan omi.

Ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti yé mi. Omi ń jáde, kò rí ọ̀nà padà. Afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ ń fà, kò rí nǹkan fà, ló bá ń fa hóòsì mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, rísáfà tó ti kún tẹ́lẹ̀ kò ní àyè fún omi mìíràn, ló bá ń tú u sílẹ̀.

Mo dojú ọmọrí dé sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Rọ́bà rẹ̀ ti gan, ó ti sán yíká. Irin róbótó tó wà láàárín, ó yẹ kí èékánná lè fà á sókè kó sì ta padà fúnra rẹ̀. Tèmi kò mira. Ìpẹtà ti dì í pa.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ mọ òótọ́ rẹ̀. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì dúdú ni, kò funfun bíi mílíìkì. Mo ṣíná sí ẹ́ńjìnì tó ṣì tutù láìdé ọmọrí, mo ń wo omi. Ó kọ́kọ́ yọ ìfóòfó díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Tó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ìfóòfó yẹn ì bá máa ru ṣáá, èéfín funfun ì bá sì máa jáde lẹ́yìn ọkọ̀ láìdáwọ́ dúró. Nígbà tó gbóná, hóòsì ìsàlẹ̀ tó ti tutù tẹ́lẹ̀ gbóná, ìyẹn ni pé thermostat, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ń ṣí. Fáànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. (Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn kí wọ́n máa yọ thermostat sọ nù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnì tí kò bá gbóná tó, epo ló ń jẹ.)

Ní Kútọ̀, ẹni tó ń ta páàtì mú ọmọrí 1.1 fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Sípíríǹgì tó le jù, hóòsì àtijọ́ àti ike orí rédíétọ̀ ló máa fi ara gbá a. Mo ní kó wá 0.9 fún mi, tuntun, kì í ṣe tòkúnbọ̀, torí rọ́bà ló bàjẹ́ lára tèmi, ta ló mọ bí ti tòkúnbọ̀ náà ṣe rí? Ó kùn díẹ̀, ó wá a jáde. Owó rẹ̀ kò tó owó epo tí mo ń rà lọ́sẹ̀ kan.

Mo fa omi inú rísáfà kù sí àárín LOW àti FULL. Ṣé ẹ rí omi tí mo fà jáde yẹn, inú kẹ́ẹ̀gì ni mo dà á sí tí mo sì dé e pa. Kúláǹtì máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́ àdúgbò wa kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó mu nǹkan. Mo po kúláǹtì pupa mọ́ omi mímọ́, ìdajì-ìdajì, mo dà á sí rédíétọ̀, mo tan hítà, mo ń fún hóòsì òkè títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Bí omi ṣe ń wálẹ̀ ni mo ń rọ sí i, kí n tó wá dé ọmọrí tuntun.

Mo gbé e lọ sí Lafẹ́ńwá lọ́sàn-án gangan, mo jẹ́ kó há síbẹ̀. Nígbà tí mo páàkì, omi inú rísáfà gòkè díẹ̀, kò tú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti padà sí ibi tí mo fi sí, hóòsì sì dúró róbótó.

Mo fi ọmọrí àtijọ́ han mẹkáníìkì Adátán. Ó yí i wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa o." Mi ò bá a jà. Hóòsì òkè yẹn ti rọ̀ lẹ́nu látàrí fífà tó ti fà, kíláàpù rẹ̀ sì ti dípẹtà. Tí owó oṣù bá wọlé, òun náà ni màá ní kó bá mi pààrọ̀ rẹ̀.