Bí a ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ènìyàn nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bá ti àkáǹtì wa pa

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwa bíi mẹ́fà tí a ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun máa ń jókòó ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá ti parí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í pẹ́ yà sí ọ̀rọ̀ mìíràn: dátà tó ti wọ́n jù, iná tí wọn kò mú wá, bọ́ọ̀lù, ẹni tó fẹ́ gbéyàwó nínú wa. Ṣùgbọ́n ibi yòówù tí ọ̀rọ̀ náà bá yà sí, orí ilé-iṣẹ́ kan tó ti àkáǹtì ẹnì kan pa, tí kò sì sí ẹni tí a lè bá sọ ọ́, ni ó sábà máa ń parí sí. Ìbínú wa tọ́, nítorí pé oúnjẹ ènìyàn ló wà nínú àkáǹtì bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú àwọn ìjókòó yìí ni mo kọ síbí, kí ẹni tí ọ̀ràn náà bá dé bá lọ́la má baà máa táràrà nínú òkùnkùn.

Ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ ń ka ìwé wa. Ilé-iṣẹ́ tí àìmọye ènìyàn ń lo irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í gba òṣìṣẹ́ tí yóò tó gbogbo wọn dá lóhùn, nítorí náà ó fi ẹ̀rọ sẹ́nu ọ̀nà láti yanjú ohun tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ní ìlú wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ rí Ọọ̀ni kì í ṣàdédé wọlé. Àwọn ẹmẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó bá wá fún, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá sì yé wọn, wọn kò lè gbé e dé iwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ìwé wa rí: kí ẹ̀rọ mọ ibi tí yóò darí rẹ̀ sí, kí ẹni tó bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ rí ohun tí yóò ṣe sí i láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ohun kan wà tó yẹ ní ṣíṣe kí wàhálà tó dé rárá. Google máa ń fún ẹni tó bá fi ìdáàbòbò onípele méjì sí àkáǹtì rẹ̀, ìyẹn kí password àti fóònù jọ jẹ́rìí ẹni, ní nọ́ńbà ìpamọ́ mẹ́wàá, ẹyọ mẹ́jọ mẹ́jọ, tí a lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan péré bí fóònù bá sọnù. GitHub, níbi tí àwọn akọ̀ètò ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, náà ń fúnni ní irú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé bí ènìyàn bá sọ fóònù àti àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí nù pọ̀, òṣìṣẹ́ òun kò ní lè dá àkáǹtì náà padà fún un. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ wọ́n sínú ìwé. Ẹ má ṣe gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún gbogbo ayé, nítorí pé fáìlì tó bá wọ kọ̀ǹpútà wọn lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Bí nǹkan bá wá dẹ́kun iṣẹ́, ẹ má tíì kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ojúewé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń kéde ipò tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà àṣìṣe tó jáde. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, bíi 500 tàbí 503, ń sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé sùúrù nìkan ni ó kù. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ń tọ́ka sí ohun tí àwa fi ránṣẹ́: 401 túmọ̀ sí pé wọn kò dá wa mọ̀, 403 pé wọ́n gbọ́ wa ṣùgbọ́n wọn kò gbà wá láàyè, 429 pé ìbéèrè tí ètò wa ń rán sí ẹ̀rọ wọn ti pọ̀ jù láàárín àkókò díẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ lórí ìyàtọ̀ 401 àti 403, nítorí pé ọ̀kan ń rán wa padà lọ yẹ kọ́kọ́rọ́ ara wa (àmì àṣírí tí ètò wa fi ń wọlé) wò, èkejì sì lè jẹ́ àmì pé wọ́n ti fọwọ́ kan àkáǹtì náà.

Ìwé náà gan-an ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àbúrò kan láàárín wa na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ọjọ́ kọkànlá rèé, wọn kò dá mi lóhùn.” Ohun tó kọ sí wọn nìyí: “Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbìyànjú títí, kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ti dúró. Ẹ ṣàánú mi, ẹ ràn mí lọ́wọ́ kíákíá.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì dùn mí bí mo ti ń kà á. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ lè dì mú nínú rẹ̀: kò sọ àkáǹtì wo ni, kò sọ ohun tí kò ṣiṣẹ́, kò sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ wá rí, tí ọgọ́rùn-ún ìwé mìíràn sì wà níwájú rẹ̀, odindi ni ó yẹ kí a gbé fún un.

A jókòó, a tún un kọ. A fi ẹ̀dùn ọkàn sẹ́yìn, a gbé ohun tí a ń fẹ́ síwájú. Àkọlé rẹ̀ di: “403 lórí gbogbo ìbéèrè láti àkáǹtì yìí, láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, aago 14:20 UTC,” nọ́ńbà àkáǹtì náà sì tẹ̀lé e. Inú ìwé náà kà báyìí: “Mo fẹ́ kí ẹ ṣí àkáǹtì yìí padà, tàbí kí ẹ sọ òfin tí mo rú fún mi. Títí di aago 14:19, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Láti aago 14:20, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń mú 403 padà wá. Mo ti dán an wò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. N kò jẹ gbèsè. Nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ lè fi tọpa àwọn ìbéèrè náà wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣeun.” Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ránṣẹ́, nítorí pé òun ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni a fi tò ó.

Ẹ ṣàkíyèsí aago rẹ̀. Wákàtí kan ni tiwa fi ṣáájú UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ní gbogbo ọdún, nítorí náà aago 15:20 ní Ifẹ̀ ni 14:20 tó wà nínú ìwé náà, UTC sì ni ọ̀pọ̀ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ fi ń dá wa lóhùn, fi ń kọ àkọsílẹ̀ wọn. Ní ti nọ́ńbà tí a fi ń tọpa, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fi í pamọ́ sínú ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń dá padà. Cloudflare, ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ ìkànnì, ń kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ ojúewé àṣìṣe, ó ń pè é ní Ray ID. Ẹ dà á kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí ẹ má fi àwòrán nìkan ránṣẹ́, nítorí pé ó ṣòro fún òṣìṣẹ́ láti dà á kọ sínú àpótí ìwádìí rẹ̀ láti inú àwòrán. Ẹ má ṣe fi password tàbí odindi kọ́kọ́rọ́ sínú ìwé náà láé. Ìkíni kan sì tó. Mo mọ̀ pé a tọ́ wa láti kí ènìyàn kí ó kún, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tó tóbi jù lọ fún ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn ni kí a má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Kí a má sì bú u, nítorí pé òun kọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn.

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ kẹta. Àbúrò wa ti ń lo VPN, irinṣẹ́ tó ń mú kó dà bí ẹni pé ibòmíràn ni ènìyàn wà, ẹ̀rọ wọn rí i pé àkáǹtì kan náà wọlé láti orílẹ̀-èdè méjì láàárín wákàtí kan, ó sì fura sí i. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gba àkáǹtì padà pé kí ó pa VPN, kí ó má sì sáré lọ yá fóònù ẹlòmíràn. Google gan-an gbà wá nímọ̀ràn pé kí a ṣe é lórí ẹ̀rọ tí a ń lò tẹ́lẹ̀, níbi tí a ti máa ń wọlé.

Lẹ́yìn tí ìwé bá ti lọ, ẹ dúró lórí nọ́ńbà ẹ̀sùn kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fún ìwé yín. Ẹni tó bá ṣí mẹ́rin sọ ọ̀ràn kan di mẹ́rin, òṣìṣẹ́ mẹ́rin yóò sì máa wá ìdí rẹ̀ láìmọ ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ rán wọn létí, ẹ dá ìwé àkọ́kọ́ náà lóhùn, kí ẹ sì fi ohun tuntun kan kún un. Bí ọ́fíìsì wọn bá wà ní Califóníà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn ni aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa, bí ìgbà nínú ọdún bá ti rí. Ìgbà náà ni kí ẹ wà nítòsí ímeèlì.

Bí ilẹ̀kùn iwájú kò bá ṣí, ẹ yẹ àwọn yòókù wò. Lọ́dọ̀ AWS, ẹ̀ka Amazon tó ń yá ènìyàn ní kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò san owó ìrànlọ́wọ́ kò lè bá onímọ̀ ẹ̀rọ wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó lè kọ̀wé lórí ọ̀ràn àkáǹtì àti owó. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, tún sọ pé bí ẹ̀rọ nìkan bá ṣe ìpinnu tó kan ènìyàn gidigidi, ẹ̀tọ́ wà fún un, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, láti béèrè pé kí ènìyàn dá sí i, kí ó sì ta ko ìpinnu náà. Ẹ kọ orúkọ òfin náà sínú ìwé kejì, láìsí ìhàlẹ̀.

Ibì kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà. Bí ẹ bá kígbe ìṣòro yín síta, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹnì kan yóò ní òun mọ ẹni tó ń ṣí àkáǹtì, tàbí kí ó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín ni yóò béèrè, tàbí owó. Gbájúẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí, kí ẹ sì padà sídìí nọ́ńbà ẹ̀sùn yín.