Ẹ̀mí Èṣù Oníwo: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtàn Àwa Onígbàgbọ́

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ eléré ìjọ kan ní Òkè-Fìà gbé eré tó kọ wá fún mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ìwé kejì ni ẹ̀mí èṣù ti yọ: ìwo méjì lórí, ojú pọ́n koko, ẹ̀rín "háháhá" gba odidi ìlà mẹ́ta. Mo ní, "Àbúrò, bí eléyìí bá yọ sí ọ ní Ọjà Ọba, ṣé wàá dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyẹn. Ohun tó ń lé èèyàn sá kò lè tan èèyàn jẹ. Ìbéèrè ni ejò inú ọgbà Édẹ́nì fi bẹ̀rẹ̀, kò bú ramúramù. Nínú Mátíù orí 4, Jésù ti gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́, ebi ń pa á, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni èṣù sì kọ́kọ́ mú wá. Nígbà tó yá, Sáàmù 91 ló tún ń kà sí i létí! Ẹ̀mí èṣù tó mọ Bíbélì le kọ ju oníwo lọ.

Nínú eré ọmọ náà, akápò ìjọ ló kó owó ìkọ́lé jẹ. Kí ló fà á? Ẹ̀mí èṣù ló gùn ún, kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Bí kò bá mọ ohun tó ń ṣe, kí ló máa wá ronú pìwà dà lé lórí? Jákọ́bù 1:14 ti sọ ọ́ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọkàn ẹni ló ń fani lọ. A jọ jókòó tún ibẹ̀ kọ. Alẹ́ Sátidé ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà wà nínú àpòòwé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti lé ọmọ akápò wálé nítorí owó iléèwé. Ó ka owó náà, ó tún un kà. Ohùn tó gbọ́ jọ tirẹ̀ gan-an: "Ta ló ní o fẹ́ jalè? Yíyá lo fẹ́ yá a. Oṣù ò ní pẹ́ẹ́ parí." Ó pa iná, ó tún tàn án. Kò sí èéfín, kò sí ìlù.

Èyí tó ń dun èmi ọmọ Òṣogbo jù ni ti Igbó Ọ̀ṣun. Bí òǹkọ̀wé bá ti ń wá ilé fún ẹ̀mí èṣù, ibẹ̀ ló máa sáré lọ: màrìwò, igbá, ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun. Igbó tí UNESCO ti kọ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti 2005! Ìyá tẹ́ ẹ sọ di àjẹ́ yẹn, òun ló ń bá yín gbé ọmọ tẹ́ ẹ bá lọ ìsọjí. Ọ̀rọ̀ "Èṣù" fúnra rẹ̀ gba àkíyèsí. Òrìṣà ni àwọn baba wa mọ̀ ọ́n sí kí àwọn atúmọ̀ Bíbélì, Àjàyí Crowther lára wọn, tó fi pe Sátánì. Àwọn tó máa wo eré yín mọ ìtumọ̀ méjèèjì. Bó bá jẹ́ Sátánì lẹ ní lọ́kàn, ẹ kọ Sátánì.

Ẹ má sì hun ọfọ̀ tí kò nítumọ̀ sí babaláwo lẹ́nu. Àwọn àgbà tó gbọ́ ọ máa rín yín ni.

Ó ku ti ìdáǹdè. Pásítọ̀ pariwo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, akápò ṣubú, ó dìde, gbogbo ìjọ ń jó. Owó ńkọ́? Ta ló máa san án? Lúùkù 4:13 ní èṣù fi Jésù sílẹ̀ di ìgbà kan ni. Ti akápò wá lè parí láàárín ìṣẹ́jú méjì? Mo ní kí àbúrò mi kọ ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, tí akápò dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ, tí àpòòwé ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́.

Ó ti kọ ọ́, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n oníwo ṣì wà lójú ìwé kejì. Ó ní àwọn ti sanwó ìwo.