Ọ̀dà ara igi ni kẹ́ ẹ máa wò
Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní ìgbèríko Faransé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìn wọ igbó lọ gba atẹ́gùn, ẹ má tẹjú mọ́ fóònù nìkan o, ọ̀dà tí wọ́n kùn sára igi àti òkúta ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, torí nẹ́tíwọ̀kì lè lọ pátápátá nínú igbó ṣùgbọ́n ọ̀dà ò nílò bátìrì. Ìlà yẹ́lò kan, ọ̀nà kúkúrú nìyẹn, ẹ máa rìn ín parí kílẹ̀ tó ṣú. Funfun lókè pupa nísàlẹ̀, GR (Grande Randonnée, ọ̀nà ìrìn jíjìn) ni wọ́n ń pè é, ìyẹn lè gbé yín dé ìlú onílùú, ẹ má kó ọmọdé tẹ̀ lé e láì wo máàpù. Tí ìlà méjì bá gbé ara wọn kọjá bíi X, ọ̀nà yẹn kọ́, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti rí àmì gbẹ̀yìn. Ọ̀dà ò lè kìlọ̀ ọdẹ fún yín ṣá: láti Sẹ̀tẹ́ńbà títí dé ìparí Fẹ́búárì ìbọn ń dún níbẹ̀, pàápàá ní wíkẹ́ńdì, ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, tẹ́ ẹ bá wá rí pátákó "chasse en cours" (ìyẹn ni pé wọ́n ń dọdẹ lọ́wọ́), ẹ yáa ṣẹ́rí padà.