Bí Mo Ṣe Yan Ọkọ̀ Iṣẹ́ Fún Ìsọ̀ Káfíńtà Mi Ní Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ìsọ̀ mi sì wà ní agbègbè Àjílosùn. Ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná àti òrùlé ni àwọn oníbàárà sábà máa ń gbé fún mi, wọn kò sì sí ní Adó nìkan: a máa ń ṣiṣẹ́ dé Ìyìn, Ìfàkì, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọkọ̀ ìháyà ni mo fi ń kó ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin ni owó tí àwọn awakọ̀ ń gbà lọ́wọ́ mi ti ń gun òkè, nítorí lítà epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Èyí tó tún burú ju owó lọ ni pé awakọ̀ tó bá rí ẹrù tó lówó lórí ju tèmi lọ kò ní yọjú mọ́, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi yóò sì jókòó ti ilẹ̀kùn tó yẹ kí a ti gbé sẹ́nu ògiri láti àárọ̀. Bí mo ṣe pinnu láti ra tèmi nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo sọ ọ́ fún ló dárúkọ ọkọ̀ kí wọ́n tó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi gbé. Èmi kò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ rárá. Ìwé tí mo máa ń kọ owó ìháyà sí ni mo gbé jáde, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ojú ewé dé ojú ewé, kí n lè mọ ohun tí mo ń kó, ibi tí mo ń kó o lọ, àti bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó tún wáyé. Pákó òrùlé, tó jẹ́ pé òun ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ti ń ronú nípa ọkọ̀, kò wọ́pọ̀ nínú ìwé náà. Àwọn tó ń ta pákó ní ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń já a sí ẹnu iṣẹ́ gan-an. Ohun tó kún inú ìwé ni irinṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ̀rọ ìfápákó, pláìwúùdù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti iṣẹ́ tí a ti kàn parí tí a ń gbé lọ fún ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọkọ̀ tó yẹ mí ni èyí tí yóò gbé ẹrù ojoojúmọ́ láìsí wàhálà, kì í ṣe èyí tí yóò gbé ẹrù tó tóbi jù lọ tí mo lè rí láàárín ọdún. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ńlá nítorí òrùlé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa rọ epo sí i lójoojúmọ́ láti fi gbé òòlù àti ayùn.

Lẹ́yìn náà ni mo mú téèpù. Pákó tí à ń rà lọ́jà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, pláìwúùdù kan sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ó gùn tó 8. Ìwọ̀n méjèèjì yìí ni mo kọ sẹ́yìn ìwé, mo sì ń gbé téèpù náà dání lọ sí gbogbo ibi tí mo ti ń wo ọkọ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ti ìwúwo, àpò sìmẹ́ǹtì ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé gbogbo wa la mọ bí àpò kìlógíráàmù 50 ṣe ń rí léjìká: ogún irú rẹ̀ ni tọ́ọ̀nù kan. Ènìyàn pẹ̀lú jẹ́ ẹrù. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò mẹ́rin kí a tó ju òòlù kankan sínú ọkọ̀, pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìlagi dé sì wúwo ju gbígbẹ lọ fíìfíì.

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, epo díẹ̀ ló sì ń mu, ó dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í kúrò láàárín ìlú; ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ, n kò sì lè fi ọkàn tán ọkọ̀ tó ní táyà kan ṣoṣo níwájú bí kọ́bọ́ọ̀dù gíga bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kọ́nà orí òkè.

Kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré nì, ni ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ púlọ́ńbà ń lò, ó sì gbà mí níyànjú pé kí n ra irú rẹ̀. Ọkọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, n kò sì jiyàn, nítorí páìpù fúyẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ni pé òfin ilẹ̀ Japan ló dá ìwọ̀n fún irú ọkọ̀ bíi Suzuki Every àti Daihatsu Hijet láti ilé tí wọ́n ti ṣe wọ́n: kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 3.4 lọ, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju mítà 1.48 lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 660cc lọ, ẹrù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 350 lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì méje péré nìyẹn. A ń rí i tí wọ́n ń di ìlọ́po méjì rẹ̀ sínú rẹ̀ lójú títì, a sì ń rí i bákan náà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ tí èéfín ń jáde. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì èyí tó bá ti Japan wá máa ń wà, wọ́n sì ní láti gbé e sí òsì níbí, torí pé apá ọ̀tún títì la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Sítíárì tí wọ́n ti tú palẹ̀ tí wọ́n tún tò kò lè fi mí lọ́kàn balẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n.

Bọ́ọ̀sì Volkswagen T4 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkàn mi. Òjò kò lè pa kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti fín ní fánísì nínú rẹ̀, ènìyàn sì lè ti irinṣẹ́ mọ́ ibẹ̀ kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn tí ọkọ̀ sì ń gun òkè, ìwúwo á ṣubú sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, táyà tó yẹ kó fa ọkọ̀ kò sì ní rí ilẹ̀ dìmú. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ènìyàn lè má mọ̀ ọ́n lára. Lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rin, ní àwọn àdúgbò tuntun tí ọ̀pọ̀ ilé tí à ń kan ilẹ̀kùn sí wà, ó di kí àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń yí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń tẹ táyà náà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yíjú sí pikọ́ọ̀pù, ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù.

Péjò 504 pikọ́ọ̀pù ni àwọn àgbà káfíńtà ń yìn. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Péjò ní Kàdúná, ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára, kò sì sí mẹkáníìkì àgbà tí kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí irin rẹ̀ kò tíì jẹra ni n kò rí. Hilux tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, àlàfo tó wà láàárín irin tó bo táyà méjèèjì kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà 4, nítorí náà pláìwúùdù kò lè sùn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kí ènìyàn ní "Ọ̀gá" ni. Mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Hilux onílẹ̀kùn méjì ni tèmi, irú èyí tó jáde lẹ́yìn ọdún 2005, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ààbọ̀. Mo yan ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2.7 lítà dípò ti dísẹ́ẹ̀lì, nítorí pé ṣéènì irin ló wà nínú rẹ̀ dípò tímíńgì bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì tó ní iye ìgbà tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, àti pé dísẹ́ẹ̀lì tó dọ̀tí a máa ba ẹ̀rọ tó ń fín epo jẹ́, owó títún un ṣe kì í sì í ṣe kékeré.

Mo wo ọkọ̀ ní Adó, mo wò ó ní Àkúrẹ́. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ti fọ ẹ́ńjìnnì wọn títí ó fi ń dán, èyí tó túmọ̀ sí pé ojú ibi tí ọ́ìlì ti ń jò ti parẹ́. Mẹkáníìkì mi, ẹni tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló gbọ́ nípa èyí tí mo padà rà, lọ́wọ́ Bàbá kan ní Àrámọ̀kọ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó sì ń fi í kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko. Mo bẹ Bàbá lórí fóònù pé kí wọ́n má ṣe tan ọkọ̀ náà kí a tó dé. Ẹ̀gbọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó tutù. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ lè fi àìsàn òwúrọ̀ pamọ́. Ó ṣí ìdérí rédíétọ̀ bóyá yóò rí ọ́ìlì nínú omi, ó ṣí ti ọ́ìlì bóyá inú rẹ̀ ti funfun, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n tan án, ó sì lọ dúró sídìí salẹ́ńsà. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Èyí tó funfun tí kò sì tán bí ọkọ̀ bá ti gbóná, omi ti ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Dúdú, epo ti pọ̀ jù. Tiwa kò ní ọ̀kankan.

Ó wá sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó ń fi sípánà kan irin ìdí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Bàbá wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọkọ̀ lẹ wá rà ni àbí ìyàwó lẹ wá fẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀ pé, "Ẹ má bínú sí wa, Bàbá. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Ewé kan nínú sípíríìnì ẹ̀yìn ti sán. Táyà méjì kò sì ní lẹ́tà C tó máa ń tẹ̀ lé ìwọ̀n táyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ti ọkọ̀ kékeré ni wọ́n. Òǹkà mẹ́rin tó wà ní ìparí àmì DOT lára táyà ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bíi 2319 tó túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà méjèèjì yìí ti darúgbó. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí a ó ná ọjà.

Mo ra epo sí i, Bàbá sì gbà pé kí a kó àpò yanrìn sẹ́yìn rẹ̀ kí a gba Ìtawúrẹ́ gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, àwọn fúnra wọn jókòó sáàárín wa. Nígbà tí a ń gòkè, ọwọ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná hàn ni mo ń wò, Ẹ̀gbọ́n sì ń tẹ́tí sí kílọ́ọ̀ṣì: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti ń lọ. Nígbà tí a ń bọ̀, jíà kejì ni mo fi sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe fíríì, kí ẹ́ńjìnnì lè di ọkọ̀ mú kí búréèkì má baà gbóná jù. Kò fà sí ẹ̀gbẹ́ kankan.

A ná ọjà náà pẹ́. Sípíríìnì àti táyà jẹ́ kí Bàbá sọ owó kalẹ̀ dé ibi tí àjọ mi àti owó tí mo yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ká. Kí n tó sanwó, mo fi nọ́ḿbà ṣásíìsì, tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, wé èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé ọkọ̀, mo sì rí i pé orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo ọkọ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀ yẹ kó ṣàkíyèsí ìwé adójútòfò dáadáa. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 tí NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti yí owó adójútòfò ẹni-kẹta padà, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ àdáni, ₦20,000 ni ti ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ẹni tó ni ín nìkan, ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bá àwọn ẹlòmíràn kó ẹrù gbowó sì jẹ́ ₦100,000. Ti ẹni tó ń kó ẹrù ara rẹ̀ ni mo gbà, nítorí náà n kì í bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù gbowó, kódà bí wọ́n bá bẹ̀ mí.

Wẹ́dà kan ní Adó ló bá mi ṣe férémù irin tó ga ju orí ọkọ̀ lọ, èyí tí pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 ń sùn lé, pẹ̀lú aṣọ pupa tí à ń so mọ́ ìdí rẹ̀. Tápólì tó nípọn ni mo fi dípò òrùlé bọ́ọ̀sì, rẹwáyà sì fi ṣuwíìṣì kan pamọ́ síbi tí èmi nìkan mọ̀, torí pé àwọn olè fẹ́ràn Hilux. Pákó òrùlé ṣì ń ti ibi ìlagi wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù tiwọn, oníbàárà ló sì ń san owó ìyẹn lọ́tọ̀ lórí ìwé ìṣirò tí mo ń fún un.