Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá lọ wo ojú ogun àtijọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtilọ wo ibi tí wọ́n ti ja ogun àgbáyé kìíní ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan irinkírin tẹ́ ẹ bá rí nílẹ̀. Èyí ló ká mi lára jù, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bọ́ǹbù tó ti wà nínú ilẹ̀ láti 1916 ti dípẹtà, agbára ẹ̀ ti tán, irọ́ ni o! Bó ṣe dípẹtà yẹn gan-an ò jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́, gáàsì olóró ló wà nínú òmíì. Ọdọọdún làwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń hú u jáde tí wọ́n bá ń túlẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí àwọn sójà tó ń palẹ̀ bọ́ǹbù mọ́ wá kó o, ibẹ̀ làwọn tó wá ṣèbẹ̀wò á ti rí i, wọ́n á fẹ́ gbé e ya fọ́tò. Ní 2014, bọ́ǹbù ogun yẹn pa òṣìṣẹ́ méjì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ypres, ìlú kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ogun tó ti parí láti 1918! Tẹ́ ẹ bá rí wáyà tí wọ́n fi dínà, ẹ má sọdá. Ní Vimy, ojú ogun kan ní Faransé, àgùntàn ni wọ́n dà síbẹ̀ kó máa jẹ koríko ibi tí wọ́n dínà ẹ̀, torí ó léwu kéèyàn gbé ẹ̀rọ tó ń gé koríko wọbẹ̀.

Ìkánjú náà ń ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ wo Ypres, pẹ̀lú Somme àti Verdun ní Faransé, lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ láti Somme dé Verdun nìkan ju kìlómítà 200 lọ, inú mọ́tò lọjọ́ máa ṣú wọn sí. Ẹsẹ̀ lẹ fi máa mọ ojú ogun. Ẹ lọ sí Beaumont-Hamel ní Somme, ẹ dúró níbi kòtò táwọn sójà Newfoundland, tó ti di ara Kánádà báyìí, ti jáde láàárọ̀ July 1, 1916, kẹ́ ẹ wá máa gba ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi táwọn Jámánì wà, ẹ máa rí i pé gbalasa ni gbogbo ẹ̀, kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí, ẹni tó wà lódìkejì ń rí yín látorí dé ẹsẹ̀. Bíi 800 ló jáde, nígbà tí wọ́n pe orúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èèyàn 68 ló dáhùn.

Tẹ́ ẹ bá ń wá orúkọ ẹnì kan, ẹ ti wá ibi tó wà látilé. Orúkọ tó wà lára Thiepval, ilé ìrántí ńlá kan ní Somme, lé ní 72,000, gbogbo wọn ni kò sẹ́ni tó mọ sàréè wọn, ẹ ò lè dúró síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa wá a lójú.

Ní itẹ́ òkú, ẹ má kàn yára kọjá. Nísàlẹ̀ òkúta sàréè àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gba ẹbí láyè láti kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 66 lọ. Ìyá tó pàdánù ọmọ ọdún 19, lẹ́tà 66 péré! Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ kà á. Ohun tó tún ń dùn mí ni báwọn èèyàn ṣe ń fo ibi tí wọ́n sin àwọn Jámánì sí torí pé ọ̀tá ni wọ́n, ọmọ èèyàn náà ni wọ́n o. Àwọn tó wà ní itẹ́ òkú wọn ní Langemark, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ju 44,000 lọ, bíi 25,000 nínú wọn wà nínú sàréè kan ṣoṣo. Ní Douaumont ẹ̀wẹ̀, ilé tí wọ́n kó egungun òkú ogun sí nítòsí Verdun, egungun àwọn tó lé ní 130,000 ló wà níbẹ̀, ti Faransé àti ti Jámánì ti dà pọ̀, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n, ẹ má lọ ya sẹ́fì níwájú ẹ̀.

Ní Menin Gate, ẹnubodè ìrántí tó wà ní Ypres, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n máa ń fun fèrè fáwọn tó kú, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1928, àfìgbà táwọn Jámánì gba ìlú náà nígbà ogun kejì. Ẹ tètè dé torí èrò máa ń pọ̀, ẹ má sì pàtẹ́wọ́ tó bá parí, ìsìn ìrántí ni.

Bàtà tó lè wọ ẹrọ̀fọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀ o, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀ gan-an tójò bá ti rọ̀.