"Ẹ̀gbọ́n, 4Runner Mi Tún Ti Bẹ̀rẹ̀ O": Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí àwọn èèyàn bá ti rí ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ jíìpù lọ́sàn-án Sátidé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan yọ síta, wọ́n ti gbà pé mẹkáníìkì ni. N kì í ṣe mẹkáníìkì. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun. Mo kàn fẹ́ràn Toyota 4Runner ni, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2002, tó ní ẹ́ńjìnì V6 3.4 tí wọ́n ń pè ní 5VZ-FE. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni tèmi, ti 1999, a sì ti jọ ń fà á fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lórí fóònù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìnáwó. Wọ́n ti bi mí létí sàréè rí, a ò tíì bo òkú tán. Mo kọ ìdáhùn sílẹ̀ síbí kí n lè ráyè jẹun lọ́jọ́ Sátidé.

"Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò sọ nǹkan kan."

Ẹ rí i pé jíà wà ní P. Ẹ wo orí bátìrì. Bí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bá ti bò ó, ẹ tú u, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ dè é le. Ó parí.

"Ó ń mu epo jù."

Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn tó yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rántí pé jíìpù lẹ rà, ẹ ò ra Corolla.

"Iná inú ọkọ̀ ń tàn dáadáa, àmọ́ bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, 'kọ́!' ẹyọ kan ni mo ń gbọ́. Tí mo bá yí i bí ìgbà mẹ́wàá, á wá jẹ́. Wọ́n ní kí n ra kick starter míì."

Ẹ má rà á o. Ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnì ni kick starter. Bàbà pẹlẹbẹ méjì ló wà nínú kick starter yẹn tí iná ń gbà kọjá. Ọ̀kan máa ń yára jẹ ju èkejì lọ, irin tó yẹ kó kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà á wá kan ọ̀kan, kò ní kan èkejì. "Kọ́" tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Bàbà yẹn ni kí ẹ pààrọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kick starter bẹ́líjíọ̀mù, tí ẹ ò mọ iye ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ tú orí bátìrì kí ọwọ́ yín tó kan ibẹ̀.

"Iná check engine tàn. Mẹkáníìkì ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ló bàjẹ́."

Kì í ṣe brain box. Mo tún un sọ: kì í ṣe brain box. Ẹ yí ọmọrí táǹkì epo títí táá fi dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Bí iná náà kò bá kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sórí bébà fún yín. Èyí tí wọ́n máa ń kà sí mi létí jù ni P0171. Ohun tó ń sọ ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ wo rọ́bà ńlá tó ti ibi air filter lọ sínú ẹ́ńjìnì bóyá ó ti ya lábẹ́, níbi tí ojú kì í tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi oògùn tí wọ́n ṣe fún un fín sensor kékeré tó ń ka atẹ́gùn. Ẹ má fi ìka kàn án, ẹ má sì fi àkísà nù ún. Ẹni tó bá ti dárúkọ brain box kó tó rí nọ́ńbà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ń gbọ̀n tí mo bá dúró nínú gò-silóò, ó sì ń rùn bí ọ́ìlì tó ń jó."

Ẹ fa ẹnu plug yọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ti kún ibẹ̀, gasket tó wà lábẹ́ ọmọrí orí ẹ́ńjìnì ti le gbagidi, àwọn òrùka rọ́bà tó yí ihò plug ká náà sì ti gbẹ. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má yọ ọ̀kan kẹ́ ẹ dá èkejì sí. Coil mẹ́ta, àwọn tó ń fún plug níná, ló ń ṣiṣẹ́ fún plug mẹ́fà nínú ẹ́ńjìnì yìí, nítorí náà tí coil kan bá kú, plug méjì ló máa dákẹ́.

"Ìgbà wo ni mo máa pààrọ̀ timing belt?"

Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì tó ń mú kí valve àti piston rìn pọ̀ lásìkò ni. Ní 90,000 máìlì, ìyẹn bíi 145,000 kìlómítà. Ẹ ò mọ iye tó ti rìn? Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ water pump mọ́ ọn, torí ibì kan náà ni wọ́n wà, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ó sì sanwó iṣẹ́. Àánú kan wà níbẹ̀: tó bá já, valve kì í gbá piston nínú ẹ́ńjìnì yìí. Ọkọ̀ á kàn dúró ni. Àmọ́ ẹ wo ibi tó lè dúró sí, bí ọ̀nà Ọ̀rẹ lóru.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní 4WD ni jíìpù yìí. Mo kó sínú ẹrẹ̀, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí."

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ níwájú. Ṣé differential, àpótí irin tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti ti òsì, wà níbẹ̀? Ṣé irin kan ti àárín ọkọ̀ wá bá a? Tí kò bá sí, kò sí 4WD lára ọkọ̀ yín, kò sì sí níbẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ 4Runner tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìkan ló ń wà á, wọ́n sì jọ àwọn tó ní 4WD lójú bí ìbejì. Àna mi kan fi odidi wákàtí kan bá mi wá ohun tí wọn ò fi sí ọkọ̀ rẹ̀.

Bó bá wà níbẹ̀, tí iná 4WD sì ń ṣẹ́jú láìdúró, ẹ wá àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa atẹ́gùn lọ sí differential iwájú. Ogún ọdún ooru ti gan wọ́n, wọ́n ti là. Ẹ gé tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lójú ọ̀nà erùpẹ̀. Ẹ má lò ó lórí ọ̀dà gbígbẹ, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ yín bá ní ó gbà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá tẹ bíréékì, tí ọkọ̀ dúró tán, nǹkan kan á ṣe 'gbì!' lẹ́yìn, bí ẹni pé ọlọ́kadà kọ lù mí."

Hẹn-ẹn. Ẹ wá àga jókòó.

Oṣù mọ́kànlá ni gbì yìí fi bá mi gbé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni mo wà. Mo bọ́ọ́lẹ̀ tìbínú-tìbínú láti bá ẹni tó kọ lù mí jà. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì létí títì wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí?"

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní engine seat ni, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé. A pààrọ̀ méjèèjì. Gbì. Èkejì ní seat gearbox ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Gbì. Ẹ̀kẹta ní shock ẹ̀yìn ti kú. Kò purọ́, ó ti kú lóòótọ́, ọkọ̀ sì wá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tuntun nígbà tá a pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ tó bá dúró: gbì. Ẹ̀kẹrin fi ìka gbá transfer, àpótí irin tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ní inú rẹ̀ ti jẹ, òun mọ ẹni tó ní bẹ́líjíọ̀mù rẹ̀ ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó. Ibẹ̀ ni mo ti gba kọ́kọ́rọ́ mi.

Bàbá kan ládùúgbò wa ló là mí lójú. Agbégilódò ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́. Mo ń gbé e lọ sọ́sibítù láàárọ̀ ọjọ́ kan, a dúró, ọkọ̀ ṣe gbì. Bàbá ò tiẹ̀ yíjú.

"Ìgbà wo lo ti bọ́ propeller ẹ gbẹ̀yìn?"

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Girísì. Ebi ń pa á."

Propeller ni irin gbọọrọ tó ti transfer lọ bá differential ẹ̀yìn. Kì í ṣe irin ẹyọ kan. Apá kan ti ẹnu bọ inú èkejì, eyín sì wà lára méjèèjì kí wọ́n lè máa yọ́ wọlé, kí wọ́n máa yọ́ jáde. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé tí ẹ bá tẹ bíréékì, imú ọkọ̀ á tẹ̀ba, ìdí rẹ̀ á gbé sókè, gígùn propeller á sì yí padà díẹ̀. Bí girísì bá wà láàárín eyín náà, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bó bá gbẹ, wọ́n á há mọ́ra. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tán, tí ìdí rẹ̀ ń padà sílẹ̀, wọ́n á jáwọ́ lára wọn lójijì.

Mo ra ìbọn girísì. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi ti fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ rẹ̀ kó lè jọ tuntun, ó sì kun ẹnu tí girísì ń gbà wọlé mọ́ ọn. Mo fi abẹ́rẹ́ tú u. Mo wá rò pé bí mo bá ṣe fún un tó ló ṣe máa dára tó. Mo fún, mo fún, títí apá fi ń ro mí. N ò mọ̀ pé girísì tó bá kún ibẹ̀ kì í ríbi jáde, ńṣe ló máa ń ti propeller gùn, táá máa ti transfer níwájú. Gbì lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà.

Ni mo bá pinnu láti tú u. Sípánà 14, bọ́ọ̀tù mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Mo fà á ya. Girísì àtijọ́ ti di amọ̀ gbígbẹ, ìpẹtà pupa sì wà lára eyín rẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọ mi fọ̀ ọ́ (ìyá rẹ̀ bínú), mo fi girísì dúdú tó ní moly nínú pa á, mo so ó padà. Gbì ti lọ. Inú mi dùn, mo gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ láìní nǹkan ṣe níbẹ̀. Nígbà tí mo kan 70 kìlómítà ní wákàtí, gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀.

Àṣìṣe tèmi ni. Ó yẹ kí n fi ọ̀dà funfun fàlà sára apá méjèèjì kí n tó yà wọ́n, kí wọ́n lè padà bí wọ́n ṣe wà. Etí iwájú àti etí ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ìkan má dùbúlẹ̀ nígbà tí èkejì nàró. Mo tún pada sábẹ́ ọkọ̀, mo tú u, mo yí i, mo so ó. Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá yí ọ́ìlì, mo ń fún un ní girísì díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo bá tẹ ìbọn, mo ti ṣíwọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí propeller bá ti kúrò, P kì í mú ọkọ̀ dúró mọ́. Ibi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ fa hand brake, ẹ fi òkúta di táyà níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Tí gbì ò bá lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, a jẹ́ pé ẹ lè tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ seat.

"Iwájú ń dún ko-ko-ko tí mo bá wọ kòtò, ọwọ́ ọkọ̀ sì ń wọ́ kiri."

Ọwọ́ tó ń wọ́ kiri lè jẹ́ rọ́bà tó di rack, irin tó ń yí táyà iwájú, mú, ìyẹn ò le. Ko-ko-ko ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Lára 4Runner yìí, ìwọ̀n ọkọ̀ kì í jókòó lórí ball joint ìsàlẹ̀, oríkèé tó so táyà iwájú mọ́ ọkọ̀, ńṣe ló ń fà á ya lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá já, táyà á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, imú ọkọ̀ á sì fi ilẹ̀ gbá. Ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀tù tuntun mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó Toyota ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra bẹ́líjíọ̀mù. Bó o bá jẹ́ àbúrò mi, tó o ní owó rẹ̀ pọ̀ jù, a óò jà. Èmi náà kì í dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni mo ń gbé e fún, mo sì ń dúró tì í.

"Omi rèdíétọ̀ mi ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, bí osùn tí wọ́n pò mọ́ wàrà. Jíà sì ń yọ̀."

Ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn náà. Ẹ má sọ fún mi pé ilé ò jìnnà. Ẹni tó pè mí lórí èyí gbẹ̀yìn ní kìlómítà mẹ́jọ péré ló kù. Ó délé lóòótọ́, gearbox ló kú sẹ́nu géètì.

Ọ̀pá kan wà nínú rèdíétọ̀ tí ọ́ìlì gearbox ń gbà kọjá kó lè tutù. Tó bá lu, omi á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á wọ inú omi. Omi yẹn ló máa ń tú gáàmù tó lẹ àwọn pẹlẹbẹ inú gearbox pọ̀. Kò sí ohun tí èmi tàbí ẹ̀yin lè fi sípánà ṣe níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ ló máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí gearbox nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú rèdíétọ̀ tuntun lọ́wọ́ yín. Rèdíétọ̀ tó bá ọkọ̀ yìí ti ilé-iṣẹ́ wá ti lé lógún ọdún, ẹ má dúró kó lu kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ẹ ṣí ọmọrí rèdíétọ̀ kẹ́ ẹ wo ojú omi. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì gearbox yọ, ẹ nù ún sórí bébà funfun. Tí ẹ bá rí ọ́ìlì lójú omi, tàbí tí bébà bá ní àwọ̀ osùn àti wàrà yẹn, ẹ má tanná ọkọ̀ rárá, kẹ́ ẹ sì pe oníṣẹ́ gearbox kẹ́ ẹ tó pè mí.