Bí mo ṣe lé ìlà dúdú kúrò nínú fídíò mi

Bí ẹ bá ń ya ara yín ní fídíò nínú ilé, tí ìlà dúdú ń rìn kọjá lójú yín, fóònù yín ò bàjẹ́. Iná ni. Iná mànàmáná wa ní Nàìjíríà ń lọ ní 50Hz (ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú sì máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ò lè rí i. Kámẹ́rà ń rí i.

Mo bọ́ sí "Pro" nínú kámẹ́rà (ibi tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó), mo gbé shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, kúrò ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá sí 1/50, kó lè bá ìṣẹ́jú iná náà mu. Ìlà náà pòórá. Bí àwòrán bá mọ́lẹ̀ jù, 1/100 náà dára. Fóònù tí ò ní Pro ńkọ́? Ẹ pa gílóòbù, kí ẹ kọjú sí fèrèsé lọ́sàn-án. Ẹ má kẹ̀yìn sí i o, ojú yín á dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ní Ìkòròdú níbí, jẹnẹrétọ̀ tún wà níbẹ̀ (ta ló fẹ́ bẹ aládùúgbò kó pa tiẹ̀?). Iná jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà dúró ní 50Hz gan-an, ìlà lè tún yọjú. Ti ariwo rẹ̀, máìkì kékeré tí mo há mọ́ ọrùn aṣọ ló gbà mí. Mo pa fáànù pẹ̀lú. Ooru mú mi, àmọ́ ohùn mọ́ gaara.